Ọtí ti di bárakú, ẹ sì fẹ́ jáwọ́? Bẹ́ ẹ ṣe lè rí ẹgbẹ́ tó máa bá yín gbé e nìyí

Obìnrin kan pè mí láti Ìwó lóṣù tó kọjá. Ó ní òun máa ń ka àwọn ìròyìn tí mò ń gbé jáde, àmọ́ kí n jọ̀ọ́, kí n má dárúkọ òun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló bá wá. Awakọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọ̀hún, ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn ló ń ná.

"Bọ̀dá, kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ jáwọ́ o," ló wí. "Àwọn fúnra wọn ló wá kan ilẹ̀kùn mi ní ìdájí ọjọ́ kan, tí wọ́n ń sunkún, pé kí n bá àwọn wá ibi táwọn lè lọ. Wọ́n ti fi Kùránì búra lẹ́ẹ̀mejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n tún padà sídìí ẹ̀. Níbo ni kí n mú wọn lọ?"

Mo rò pé ìdáhùn ìbéèrè yẹn á rọrùn. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí i kó jọ. Nígbà tí mo wá rí i pé kì í ṣe obìnrin yìí nìkan ló ń wá irú ẹ̀, mo ní kí n kọ ọ́ síbí, kẹ́ni tó bá nílò ẹ̀ lè rí i kà láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó kà á.

Ẹni tó bá mọ Ìwó, ilé Odídẹrẹ́, á mọ̀ pé ìlú ẹ̀sìn ni. Láti ìgbà Ọba Lámúyẹ, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni mùsùlùmí ti ń jẹ Olúwòó níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn onítẹ̀bọmi náà rèé, tí wọ́n ní Yunifásítì Bowen síbẹ̀. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọtí bá ti di bárakú fún, kọ̀rọ̀ ló ti ń mu ún. Ó ń tijú alfa, ó ń tijú pásítọ̀, ó ń tijú àna. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ṣé ó ti di bárakú lóòótọ́?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mutí lọtí ti di bárakú fún. Lọ́dún 1984, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, John Ewing, gbé ìbéèrè mẹ́rin jáde tó jẹ́ pé títí dòní làwọn dókítà ṣì ń lò ó. Mo yí i sí èdè tó máa yé wa.

Àkọ́kọ́: ṣé ó ti ṣe yín rí bíi pé ó yẹ kẹ́ ẹ dín ọtí tẹ́ ẹ̀ ń mu kù? Ìkejì: ṣé àwọn èèyàn ti bí yín nínú rí nítorí pé wọ́n ń bá yín wí lórí ọtí? Ìkẹta: ṣé ẹ ti dá ara yín lẹ́bi rí nítorí ọtí mímu? Ìkẹrin: ṣé ẹ ti fi ọtí la ojú rí láàárọ̀, kí ọwọ́ yín lè dúró, tàbí kí ara yín lè balẹ̀?

Tí bẹ́ẹ̀ ni bá ti tó méjì nínú ẹ̀, ó ti tó kẹ́ ẹ lọ rí dókítà nìyẹn. Mo ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún obìnrin yẹn lórí fóònù. Kò jẹ́ kí n parí ìkẹrin tó fi ní, "Bọ̀dá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni."

Ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn

Kí n tó sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, ohun kan wà tó lè pa èèyàn níbí, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tó ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, kò gbọdọ̀ ṣàdéédéé dá a dúró lóun nìkan nínú ilé.

Ara ẹ̀ ti mọ́ ọtí. Tẹ́ ẹ bá gba ọtí lọ́wọ́ ara náà lójijì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, èébì á máa gbé e. Láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì lè mú un. Tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tẹ́nì kankan ò rí, kó máa sọ̀sọkúsọ, kí ara ẹ̀ gbóná, kí àyà ẹ̀ máa lù kìkìkì. Ibẹ̀ làwọn ará ilé ti máa ń pariwo pé ayé ti dá sí i, tí wọ́n á gbé e lọ sílé àdúrà tàbí sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ dípò ọsibítù. Àìsàn ara ni. Dókítà ní oògùn ẹ̀, wọ́n sì máa ń fún un ní fítámì B1 pẹ̀lú, torí ọtí ti jẹ ẹ́ tán lára ẹ̀. Tí wọn ò bá tètè tọ́jú ẹ̀, ó lè yọrí sí ikú.

Nítorí náà, ọsibítù ló ṣáájú, ẹgbẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ọsibítù á lé ọtí kúrò lára. Àmọ́ ọsibítù ò ní bá yín dúró ní gáràǹjì lágogo mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí ọlọ́páràgà bá gbé igbá ẹ̀ dé. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ibi tọ́rọ̀ ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 1935, ọkùnrin oníṣòwò kan láti New York, Bill Wilson, rìnrìn-àjò iṣẹ́ lọ sí ìlú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọtí ti ba ayé ẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀, kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ tó jáwọ́. Òwò tó bá lọ ò yọrí sí rere. Ló bá dúró nínú òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń mutí lápá kan, ọtí sì ń pè é. Dípò kó yà síbẹ̀, ìdí tẹlifóònù ló lọ. Ó ń wá ọ̀mùtí bíi tiẹ̀ tó lè bá sọ̀rọ̀. Wọ́n wá mú un mọ dókítà kan, Bob Smith, tí ọtí ń pa iṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Dókítà yìí ní ìṣẹ́jú 15 péré lòun máa fi gbọ́ tiẹ̀. Ó tó wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó dìde.

Wilson ò wàásù fún un. Ohun tójú tiẹ̀ rí ló ń sọ. Ní June 10, 1935, Dókítà Bob mu ọtí tó kẹ́yìn láyé ẹ̀, ọjọ́ yẹn sì ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí gbogbo ayé ń pè ní AA, ń kà sí ọjọ́ ìbí ẹ̀. Lónìí, ó ti wà ní nǹkan bíi 180 orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì wà lára ẹ̀.

Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́ ṣá? Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ lábẹ́ àjọ Cochrane kó ìwádìí 27 jọ, èyí tó kan èèyàn 10,565. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí wọ́n bá fọgbọ́n mú èèyàn wọ AA, ó máa ń ràn án lọ́wọ́ láti jìnnà sí ọtí pátápátá, tó bá jẹ́ ti ká jáwọ́ pátápátá, ó sì máa ń ju ọ̀pọ̀ ìtọ́jú míì lọ. Kì í ṣe idán. Ẹni tó bá ń lọ ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n á jókòó yíká, fún bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹnì kan á sọ tiẹ̀, ẹlòmíì á tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń pè. Tẹ́ ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ lè dákẹ́. Kò sówó ìwọlé, owó tó bá wu kálukú ni yóò dá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó wù yín láti jáwọ́ ńbi ọtí. Tó bá yá, ẹ máa mú ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ bí onígbọ̀wọ́ yín, ẹni tẹ́ ẹ lè pè láàárín òru tí ọtí bá ń pè yín. Wọn ò ní kẹ́ ẹ búra pé ẹ ò ní fẹnu kan ọtí mọ́ láyé. Tòní nìkan ni wọ́n ń sọ. Tó bá dọ̀la, ẹ óò tún sọ tọ̀la.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìbúra ẹ̀gbọ́n obìnrin yẹn ti yàtọ̀. Ó búra fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun nìkan ló sì gbé e.

Èwo ló máa bá yín mu?

Ẹgbẹ́ ò jọra, bí èèyàn ò ṣe jọra. Ẹ wo èyí tó bá ara yín mu.

AA máa ń dárúkọ Ọlọ́run nínú ìgbésẹ̀ 12 tí wọ́n ń tẹ̀ lé, àmọ́ wọ́n ní Ọlọ́run bó ṣe yé kálukú ni. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sábà máa ń yá lò. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí àwọn mùsùlùmí Ìwó tó lè rí àgbélébùú lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n sì padà sílé.

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mùsùlùmí, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí ẹ̀sìn yín wà nínú ẹ̀ gbangba, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Millati Islami. Àwọn mùsùlùmí ló dá a sílẹ̀ ní Baltimore, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1989. Ìgbésẹ̀ 12 yẹn náà ni wọ́n mú, àmọ́ wọ́n gbé e ka orí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Ẹ̀yin kírísítẹ́nì tẹ́ ẹ fẹ́ kí Jésù wà nínú ẹ̀ ní tiyín, Celebrate Recovery wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Saddleback, ní California, lọ́dún 1991.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá, SMART Recovery ni tiẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ ni bí yóò ṣe máa mọ èrò tó ń sún un sídìí ọtí, àti bí yóò ṣe máa dá a lóhùn.

Ti àwọn obìnrin ṣòro ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó mutí yó, wọ́n á ní ó ti mu ju bó ṣe yẹ lọ. Obìnrin tó mutí yó, wọ́n á ní kò níwà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò ní lè la ẹnu ẹ̀ láàárín ọkùnrin. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ béèrè ìpàdé tó jẹ́ tobìnrin nìkan. AA ní irú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Women for Sobriety, tí Jean Kirkpatrick dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Tẹ́ ẹ bá wà n'Íwòó, ẹ gba ibí yìí

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó wà nínú ìlú. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà: iye ìgò tàbí iye sáṣẹ́ẹ̀tì lóòjọ́, àti ìgbà tẹ́ ẹ mu ún kẹ́yìn. Tó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ ìwé fún yín lọ síbi tó tóbi jù ú lọ. Àárín Òṣogbo àti Ìbàdàn ni Ìwó wà, ìyẹn sì dáa fún wa: ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN wà l'Óṣogbo, UCH wà n'Ìbàdàn, ti OAU náà wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín, kò túmọ̀ sí pé orí yín ti dàrú.

Ní Abẹ́òkúta, ọsibítù Aró ní ẹ̀ka tó jẹ́ pé tàwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún ló wà fún. Láti ọdún 1954 tí Dókítà Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ló ti mọ̀ pé àárín èèyàn lara ti ń yá. Ṣe ló ní káwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí ẹbí kan sì bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá.

Níbikíbi tẹ́ ẹ bá dé nínú àwọn ọsibítù yìí, ẹ má kàn gba oògùn kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ bi wọ́n pé: "Ṣé àwọn tó ti jáwọ́ ń pàdé níbí? Ọjọ́ wo ni? Ta ni mo lè bá sọ̀rọ̀ nínú wọn?" Ẹ tún bi àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé aláìsàn, àwọn ló sábà máa ń mọ ibi tí ẹgbẹ́ wà.

Ẹni tó bá ń fi igbó tàbí tramadol kún ọtí, àjọ NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn: 0800 1020 3040.

Tí owó mọ́tò ò bá sí, fóònù wà. AA àti SMART Recovery máa ń ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sán-tòru. Ti AA wà ní aa-intergroup.org, Zoom ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Ẹ lè pa kámẹ́rà yín, kẹ́ ẹ sì yí orúkọ padà. Dátà á dín kù tí kámẹ́rà bá wà ní pípa. Ìpàdé ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló rọrùn jù fún wa, torí pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré la fi ṣáájú wọn. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ìyẹn sì lè nira fún ẹlòmíì. Àmọ́ ìpàdé méjì ló wà: èyí tó jẹ́ tàwọn ọ̀mùtí nìkan, àti èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nínú èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ẹ lè mú ẹni tó gbọ́ òyìnbó jókòó tì yín.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ sá fún

Obìnrin yìí sọ fún mi pé àwọn ti kọ́kọ́ mú ẹ̀gbọ́n òun lọ síbì kan. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, wọ́n sì ń nà án. Ọjọ́ tó jáde, ọtí ló kọ́kọ́ yà mu.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní November 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí ibi 28 tí wọ́n ṣàbẹ̀wò sí ní Nàìjíríà, ti ìjọba, ti ìbílẹ̀, ti mùsùlùmí àti ti kírísítẹ́nì, wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe ń de àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń fìyà jẹ wọ́n.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fa ẹnikẹ́ni lé wọn lọ́wọ́, ẹ bi ara yín: Ṣé ó lè jáde nígbà tó bá wù ú? Ṣé wọ́n ń nani? Ṣé wọ́n ń ní kó da oògùn dókítà nù? Ṣé wọ́n ń gbowó gọbọi, tàbí kí wọ́n ṣèlérí pé ọjọ́ méje pére ló máa fi jáwọ́? Ṣé wọ́n ń fi fídíò àwọn èèyàn sórí Facebook pé "ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe"? Bí ọ̀kan bá wà nínú ẹ̀, ẹ yí padà. Ẹgbẹ́ tó dáa máa ń pa àṣírí mọ́, kì í sì í sí ọ̀gá kan tó jẹ́ pé òun lóun ni gbogbo ẹ̀.

Ẹ má sì fi ìpàdé kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ lọ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, tó bá ṣe é ṣe ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ máa mọ̀ pé ẹ ti débi tó yẹ nígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí ń sọ ìtàn yín.

Tí kò bá sí ẹgbẹ́ nítòsí ńkọ́?

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí mo kà rèé: nínú òfin AA, ọ̀mùtí méjì tàbí mẹ́ta tó bá ti pàdé láti bá ara wọn jáwọ́, wọ́n ti di ẹgbẹ́. Èèyàn méjì péré ni Bill àti Bob. Àga méjì, yàrá kan, wákàtí kan lọ́sẹ̀, lédè Yorùbá wa. Kò sẹ́ni tó máa gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba.

Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ má gbàgbé ara yín. Lois, ìyàwó Bill Wilson, wà lára àwọn tó dá Al-Anon sílẹ̀ lọ́dún 1951 fún ìyàwó, ọkọ, ọmọ àti àbúrò àwọn tó ń mutí. Obìnrin tó pè mí yìí náà ò tíì sun oorun àsùnwọra láti ọdún mẹ́ta.

Ká má sì purọ́, ẹgbẹ́ nìkan ò tó. Sáṣẹ́ẹ̀tì ọtí ń bẹ ní gbogbo gáràǹjì, ó kéré ju kí ìyàwó rí i lápò lọ. Láti 2018 ni NAFDAC ti bá àwọn tó ń ṣe é ṣàdéhùn pé wọ́n máa pa á tì. Ní February 1, 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú un ṣẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fún wọn láyè títí di òpin 2025. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ ò lè dúró de ìjọba. Ẹ yí gáràǹjì padà, tàbí aago tẹ́ ẹ fi ń wọ̀ ọ́, tàbí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jókòó.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin yìí ti lọ sí ọsibítù báyìí, ó lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Sunday, òun àti àbúrò ẹ̀ jókòó sínú mọ́tò ẹ̀, wọ́n gbé fóònù sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì wọ ìpàdé kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tó parí, ó bi àbúrò ẹ̀ pé: "Ṣé o sọ̀rọ̀ mi fún wọn ni?"

Àbúrò ẹ̀ ní rárá, òun ò mọ̀ wọ́n rí.

Ó ní kó tún bá òun wá òmíì lọ́la. Títí di àkókò tí mò ń kọ ìròyìn yìí, ọjọ́ 19 ló ti wà láì fẹnu kan ọtí. Mi ò mọ bí ogún ọjọ́ ṣe máa rí. Òun náà ò mọ̀. Tòní ló ń sọ.